Omi Tó Wọlé, Omi Tó Jáde: Ìtàn Bouaké àti Ìdọ̀tí Tí Kò Ní Olúwa

Ìjọba mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti jókòó lé ìlú Bouaké lórí láti ìgbà tí ọ̀rúndún ogún ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn Faransé ṣe tiwọn, orílẹ̀-èdè olómìnira tí Félix Houphouët-Boigny dá sílẹ̀ ṣe tirẹ̀, àwọn ọlọ́tẹ̀ tó gba ìlú náà ní ọdún 2002 sì ṣe tiwọn. Ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń wá yàtọ̀, ohùn tí wọ́n fi ń bá ará ìlú sọ̀rọ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ kan, ìwà wọn jọra bí ìbejì. Gbogbo wọn ló wá bí omi yóò ṣe wọ ìlú. Kò sí èyí tó fi ìdajì ìtara yẹn wá ọ̀nà tí omi náà yóò gbà jáde lẹ́yìn tí a bá ti fi wẹ̀, tí a ti fi fọṣọ, tí a sì ti fi ṣan ilé ìgbẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ẹnjiníà nìyẹn. Ohun tí mo rí nínú ìtàn Bouaké ni pé ọ̀rọ̀ òṣèlú ni láti ìbẹ̀rẹ̀: omi tó ń wọlé ní olówó, ó ní àdéhùn, ó ní ẹni tí ń pariwo bó bá dáwọ́ dúró, omi tó ń jáde kò ní ọ̀kankan nínú wọn.

Bouaké wà ní àárín gbùngbùn Côte d'Ivoire, ní nǹkan bí kìlómítà 350 sí àríwá Abidjan, lórí ilẹ̀ àwọn Baoulé. Odò ńlá méjì ló wà lọ́tùn-ún lósì agbègbè náà, Bandama ní ìwọ̀ oòrùn, N'Zi ní ìlà oòrùn, ṣùgbọ́n ìlú fúnra rẹ̀ kò jókòó sí etí ọ̀kankan nínú wọn. Odò kékeré bíi Kan, tó ń ṣàn lọ sínú N'Zi, àti àwọn àkùrọ̀ tó gba àárín àwọn àdúgbò kọjá, ni omi ilé àti omi òjò ń wá bá.

Ìtàn tí àwọn Baoulé ń sọ nípa ara wọn bẹ̀rẹ̀ létí odò. Ọbabìnrin Abla Pokou ń kó àwọn ènìyàn rẹ̀ sá kúrò ní ilẹ̀ Ashanti, odò Comoé dí wọn lọ́nà, ó sì fi ọmọ rẹ̀ fún odò kí wọ́n lè rí ọ̀nà kọjá. Yorùbá tó bá gbọ́ ìtàn yìí kò ní ṣàì rántí Mọ́remí àti Olúorogbo létí Ẹ̀sìnmìrìn. Nínú ìtàn méjèèjì, odò jẹ́ ẹni tí à ń bá ṣe àdéhùn, ó sì ní ohun tó ń gbà kó tó fúnni ní nǹkan. Lójú ìjọba òde òní, odò jẹ́ ibi tí a ti ń fa omi mu àti ibi tí a ń da ìdọ̀tí sí. Ó bani lẹ́nu jẹ́ pé ibì kan náà ni.

Àwọn ọmọ ogun Faransé pàgọ́ sí Gbèkèkro bí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ṣe ń parí lọ. Abúlé ni kro ní èdè Baoulé. Ẹnu àwọn Faransé ló sọ Gbèkè di Bouaké. Ní ọdún 1899, ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ pa àwọn òyìnbó ní Grand-Bassam, tó jẹ́ olú ìlú wọn nígbà náà, débi pé wọ́n kó ìjọba lọ sí Bingerville ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ìpayà yẹn wà lára ohun tó kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe máa tẹ ìlú dó. Ìmọ́tótó, lójú ìjọba amúnisìn, kì í ṣe pé kí a kó ìdọ̀tí kúrò ní ìlú fún gbogbo ènìyàn. Ó jẹ́ pé kí àdúgbò òyìnbó jìnnà sí ti aláwọ̀ dúdú, kí ẹ̀fọn àdúgbò kejì má baà dé ọ̀dọ̀ wọn. Ojú kan náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi wo ọ̀rọ̀ náà ní Ìkòyí àti ní àwọn àdúgbò tí à ń pè ní GRA títí di òní olónìí. Wọlé-wọlé a máa wọ ilé aláwọ̀ dúdú láti yẹ ìkòkò omi wò, a sì máa bu owó ìtanràn fún ẹni tí tanwíjí bá wà nínú ìkòkò rẹ̀. Kò sí ẹni tí ń bi wọlé-wọlé léèrè pé níbo ni gọ́tà àdúgbò náà yóò gbé omi lọ.

Ọkọ̀ ojú irin tó gbéra ní Abidjan dé Bouaké ní ọdún 1912. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ó bá ọ̀nà rẹ̀ lọ sí àríwá, ó sì dé Ouagadougou ní 1954. Ibi tí rélùwéè bá dúró sí, ọjà ni yóò hù níbẹ̀. Àwọn Dioula wá, àwọn Mossi wá, àwọn ará wa láti Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Ànàgó lọ́hùn-ún, náà gbé igbá ọjà wọn tẹ̀ lé ojú irin. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920, ilé iṣẹ́ òwú àti aṣọ Gonfreville bẹ̀rẹ̀ ní ìlú náà. Ilé iṣẹ́ sìgá SITAB àti ti òróró Trituraf dé lẹ́yìn náà. Kò sí bí a ṣe lè ṣe aṣọ láìsí omi. A ó fọ òwú, a ó pa á láró, a ó tún ṣàn án, omi tó bá sì ti inú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde kì í jáde bó ṣe wọlé. Àdúgbò ń hù lé àdúgbò: Koko, Sokoura, Dar-es-Salam, Belleville, Kennedy, àní ọ̀kan wà tó ń jẹ́ Air France. (Ẹni tó bá fẹ́ mọ àlá tí ìlú kan ń lá, kó ka orúkọ àwọn àdúgbò rẹ̀.) Agboolé kọ̀ọ̀kan gbẹ́ ṣáláńgá tirẹ̀, àwọn tí ọwọ́ wọn tó nǹkan ṣe ṣọ́kàwéè, omi ìwẹ̀ àti omi ìfọṣọ sì ń wá ọ̀nà ara rẹ̀ lójú títì.

Kí a má ṣe rò pé ìgbà yẹn kò ní ìjà omi. Ó ní. Láti ọdún 1908 ni àwọn ará Èkó ti ń bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fa ọ̀rọ̀ owó omi ẹ̀rọ, wọ́n ní àwọn ní kànga, pé òyìnbó ló nílò omi Ìjú, kí òyìnbó san owó rẹ̀. Ìjà náà wà lára ohun tó bí òṣèlú òde òní ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n omi tó ń wọlé ni wọ́n jà lé lórí. Ìwọ́de ńlá tí a tìtorí omi tó ń jáde ṣe ní ìlú wa, èmi kò tíì bá a pàdé nínú ìwé ìtàn.

Òmìnira dé ní 1960, ọdún yẹn gan-an sì ni wọ́n dá SODECI sílẹ̀, ilé iṣẹ́ tí yóò máa pín omi, tí SAUR ti ilẹ̀ Faransé wà nídìí rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Abidjan, ó sì tàn dé àwọn ìlú inú lọ́hùn-ún. Ètò tí wọ́n gbé kalẹ̀ yẹ kí àwa ará Nàìjíríà kà nípa rẹ̀ dáadáa. Òṣùwọ̀n owó kan náà ni wọ́n fi ń ta omi jákèjádò orílẹ̀-èdè. Èrè tí wọ́n bá rí ní Abidjan, níbi tí oníbàárà pọ̀ sí, ni wọ́n fi ń dí àlàfo àwọn ìlú tí kò lè dá bùkátà ara wọn gbọ́. Ẹni tó ń gbé ní Bouaké kò san ju ẹni tó ń gbé ní Cocody lọ nítorí pé ìlú rẹ̀ jìnnà. Mo gbà pé èyí wà lára àwọn ohun tó dára jù lọ tí ìjọba Houphouët-Boigny ṣe, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní ìpínlẹ̀ tí ọ́fíìsì omi ti di ilé aláǹgbá yóò sì mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìṣọ̀kan yẹn parí sí ẹnu ẹ̀rọ omi. Abidjan ni wọ́n ri ọ̀pá ńlá mọ́lẹ̀ fún, èyí tó ń kó omi ìdọ̀tí la ìlú já títí dé inú òkun ní Port-Bouët, Báńkì Àgbáyé sì yá wọn lówó sí iṣẹ́ náà. Nígbà tí SODECI gba àmójútó àwọn ọ̀pá omi ìdọ̀tí ní 1999, ti Abidjan ló gbà. Omi mímu jẹ́ ti orílẹ̀-èdè, tí olówó ń bá tálákà gbé ẹrù rẹ̀. Omi ìdọ̀tí, bí a bá ti kúrò ní Abidjan, jẹ́ ti onílé. Nígbà tí òfin sọ àwọn ìlú di kọ́múnù tó ní méyọ̀ àti ìgbìmọ̀ tí ará ìlú dìbò yàn, tí wọ́n sì dìbò àkọ́kọ́ ní 1980, ìmọ́tótó ìlú bọ́ sí ọwọ́ méyọ̀. Owó rẹ̀ kò bá a lọ. Ọdún 2011 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ONAD sílẹ̀, àjọ tí ọ̀rọ̀ omi ìdọ̀tí àti ojú àgbàrá jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè. Láàárín ìdásílẹ̀ SODECI àti ti ONAD, ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ló wà níbẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí nílẹ̀, nítorí pé àwa olóṣèlú máa ń sọ̀rọ̀ ìmọ́tótó bí ẹni tí kò wọ ilé ìgbẹ́ rí. Ṣọ́kàwéè kì í pa ìdọ̀tí run. Èyí tó wúwo yóò rì sí ìsàlẹ̀, omi orí rẹ̀ yóò máa jò wọ inú ilẹ̀, ilẹ̀ yóò sì sẹ́ díẹ̀ nínú ẹ̀gbin náà bí ó bá láyè àti àkókò. Bí ilé kò bá pọ̀, tí ilẹ̀ gbòòrò, ètò yìí kò burú rárá. Bí ìlú bá ti di ti ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn (ìkànìyàn 2014 ka àwọn ará Bouaké ju 500,000 lọ), ṣọ́kàwéè ẹnìkan ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga ẹlòmíràn. Bó bá sì kún, a ó pe ọkọ̀ táńkà tí ń fà á, tàbí àwọn tí ń fi garawa gbé e lóru, àwọn tí àwọn bàbá wa ń pè ní agbépóò. Ìbéèrè tó kù ni ibi tí wọn yóò dà á sí. Bí ìlú kò bá ní ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀, igbó tàbí àkùrọ̀ tó sún mọ́ ọ̀nà jù ni yóò jẹ́ ìdáhùn. Àkùrọ̀ náà ni àwọn àgbẹ̀ ìlú ti ń gbin ìrẹsì àti ẹ̀fọ́, tí wọ́n ń bu omi ibẹ̀ wọ́n ọn ní ọ̀gbẹlẹ̀. Bouaké náà ni Institut Pierre Richet wà, níbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ nípa ẹ̀fọn àti ibà, nítorí náà ìmọ̀ kò ṣọ̀wọ́n ní ìlú náà.

Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀. Àwọn ọlọ́tẹ̀, tí a wá mọ̀ sí Forces Nouvelles lábẹ́ Guillaume Soro, fi Bouaké ṣe olú ìlú wọn, orílẹ̀-èdè sì là sí méjì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí omi lẹ́yìn náà ṣì ń yà mí lẹ́nu. Omi ń ṣàn. SODECI, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Abidjan, ní abẹ́ ìjọba Laurent Gbagbo tí àwọn ọlọ́tẹ̀ ń bá jà, kò pa ẹ̀rọ ìlú àwọn ọlọ́tẹ̀. Àjọ Red Cross àgbáyé ń ràn wọ́n lọ́wọ́ pẹ̀lú kẹ́míkà tí wọ́n fi ń tọ́jú omi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní apá àríwá kò sì san owó omi tàbí ti iná fún ọdún púpọ̀. Kí ló dé tí Gbagbo kò fi gé omi náà? Èrò tèmi ni pé ààrẹ tó bá gé omi ìlú kan ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ìlú náà kì í ṣe tòun mọ́. Àwọn ọlọ́tẹ̀ náà mọ̀ pé ìlú tí òùngbẹ ń gbẹ kò ní dúró tì wọ́n fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀rọ omi wá di ohun kan ṣoṣo tí ọ̀tá méjì fi ẹnu kò lé lórí láìtọwọ́ bọ̀wé.

Ẹ fi èyí wé omi ìdọ̀tí. Kò sí ẹni tó bá ẹnikẹ́ni dúnàá-dúrà lórí rẹ̀. Forces Nouvelles dá ilé ìṣúra kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní La Centrale, tó ń gba owó orí lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ àti oníṣòwò, ṣùgbọ́n ará Bouaké kò rí ìwé ìṣirò rẹ̀ kà. SITAB kó lọ sí Abidjan, Trituraf tìlẹ̀kùn. Àjọ tó ń ṣe ìwádìí ìrẹsì fún Áfíríkà, tó fi M'bé nítòsí Bouaké ṣe ibùjókòó, tó sì mọ iṣẹ́ àkùrọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ, sá lọ, ó sì tẹ̀dó sí Cotonou ní 2005. Àdéhùn àlàáfíà wáyé ní Ouagadougou ní ọjọ́ 4 oṣù kẹta ọdún 2007. Ṣáláńgá tó kún nígbà ogun kò ní aṣojú níbẹ̀.

Ìgbà kan ṣoṣo tí ìdọ̀tí mi ìjọba tìtì ní orílẹ̀-èdè yẹn, Abidjan ló ti ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2006, wọ́n da ẹ̀gbin olóró inú ọkọ̀ òkun Probo Koala, tí ilé iṣẹ́ Trafigura háyà, káàkiri ìlú. Ènìyàn kú, ó lé ní 100,000 tó lọ sí ilé ìwòsàn, ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà tí Charles Konan Banny ń darí sì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Ìdọ̀tí tó bá pa ènìyàn lọ́jọ́ kan ṣoṣo ń di ọ̀rọ̀ òṣèlú. Èyí tó ń pa ọmọdé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìgbẹ́ gbuuru, ẹjọ́ ilé ìwòsàn ni wọ́n kà á sí.

Lẹ́yìn ogun, ìwé owó padà dé. Ní oṣù keje ọdún 2016, àwọn ará Bouaké bínú jáde sí owó iná mànàmáná. Wọ́n ba ọ́fíìsì jẹ́, ẹ̀mí sì bọ́. Ní ọdún 2017, àwọn sójà tó ti jẹ́ ọlọ́tẹ̀ tẹ́lẹ̀ gbà á lẹ́nu ìjọba pẹ̀lú ìbọn ní Bouaké, ní oṣù kìíní àti ní oṣù karùn-ún, títí tí wọ́n fi ṣe ìlérí mílíọ̀nù 12 owó CFA fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú sójà 8,400. Ẹni tó bá ṣe ìṣirò náà yóò rí i pé ó lé ní bílíọ̀nù 100 owó CFA. Èmi kì í ṣe ará ilé ìṣúra wọn, mi ò sì ní sọ pé owó yẹn ì bá ti bọ́ sí ọ̀rọ̀ omi. Ohun tí mo ń sọ ni pé Bouaké ti kọ́ ìjọba ní ẹ̀kọ́ kan, ìjọba sì ti kọ́ Bouaké padà: ohun tó ní ariwo ni à ń náwó lé.

Ọdún kan lẹ́yìn náà ni omi fúnra rẹ̀ wá dákẹ́. Adágún Loka, tó ń fún ìlú ní nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún omi rẹ̀, gbẹ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018. Òjò kò tó, ìlú ti tóbi ju ohun tí wọ́n ṣe adágún náà fún lọ, wọ́n sì tún mẹ́nu ba àwọn tí ń wa yanrìn ní agbègbè rẹ̀. Ìjọba kó táńkà omi wá, wọ́n ń gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ, gbogbo ilé sì padà sídìí kànga. Ibẹ̀ ni omi méjèèjì ti pàdé. Kànga inú agboolé tí wọ́n padà sí ni èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáláńgá àti ṣọ́kàwéè tí ẹnikẹ́ni kò kà sí láti ìgbà òmìnira. Àwọn oníṣẹ́ ìlera a máa gbani nímọ̀ràn pé kí kànga jìnnà sí ṣáláńgá ní mítà 30. Agboolé tó ní mítà 30 láti fi ṣòfò kò wọ́pọ̀ ní Koko tàbí Dar-es-Salam, bí kò ṣe wọ́pọ̀ ní Bẹẹrẹ ní Ìbàdàn.

Ẹnìkan lè sọ pé ìlú tálákà kò lè ṣe jù báyìí lọ. Kó wọ ọkọ̀ ojú irin náà, kó máa bá a lọ sí àríwá dé òpin rẹ̀. Burkina Faso kò lówó tó Côte d'Ivoire. Ṣùgbọ́n ní Ouagadougou, iléeṣẹ́ ìjọba kan náà, ONEA, ló ni omi tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde, owó díẹ̀ sì wà lórí ìwé omi tí wọ́n fi ń ran àwọn ará ìlú lọ́wọ́ láti kọ́ ilé ìgbẹ́ tó dára. Ní Kossodo, wọ́n gbẹ́ àwọn adágún tí omi ìdọ̀tí ń ṣàn wọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: èyí tó wúwo ń rì, kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín ń jẹ ẹ̀gbin, oòrùn ń pa àrùn, omi sì ń sinmi níbẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ kó tó jáde. Ilẹ̀ àti sùúrù ni iṣẹ́ náà nílò ju iná mànàmáná lọ. N kò sọ pé Ouagadougou ti bọ́ lọ́wọ́ ìdọ̀tí; ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ ló ṣì ń lo ṣáláńgá. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé omi tó ń jáde ní ẹni tí a lè bi léèrè.

Ìbàdàn kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ọdún 1942 ni wọ́n ti ṣe adágún Ẹlẹ́yẹlé láti fún un ní omi, lónìí kò sí ọ̀pá omi ìdọ̀tí kan tó so àwọn ilé ìlú náà pọ̀. Ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 ni Ògùnpa kún àkúnya, tó gbé ènìyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún lọ, kí ìjọba tó wá fi kọnkéré tẹ́ ojú odò. Kọnkéré yẹn, omi òjò ni wọ́n ṣe é fún. Ohun tí àwọn ilé tó wà ní bèbè rẹ̀ ń dà sínú rẹ̀ kò sí nínú àdéhùn iṣẹ́ náà.

Lẹ́yìn ọdún 2018, ojú gbogbo ènìyàn ní Bouaké yí sí adágún Kossou lórí odò Bandama, èyí tí wọ́n ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, tí wọ́n sì tìtorí rẹ̀ ṣí àwọn Baoulé tó lé ní 70,000 nípò kúrò ní abúlé wọn. Omi pọ̀ níbẹ̀, ó sì yẹ kí wọ́n fà á wá. Ìlú náà yóò wá máa lo omi ju ti ìgbà Loka lọ. Ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìlú ni àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ sínú àkùrọ̀ wà, ọ̀dọ̀ wọn ni yóò kọ́kọ́ dé bó bá jáde.